Iwe Adìẹ Ti Baálé Ni

Ní ilé Akíntúndé ní Uwasota, nílùú Bìní, kò sẹ́ni tó ń jẹ iwe adìẹ àfi Akíntúndé fúnra rẹ̀. Bí ìyàwó rẹ̀, Morọ́láyọ̀, bá se adìẹ, iwe ni yóò wà lókè nínú abọ́ ọkọ, ẹ̀dọ̀ yóò tẹ̀ lé e. Bí ìyá ọkọ ṣe kọ́ ọ nìyẹn, kò sì ni í lára. Adìẹ àti tòlótòló inú fírísà ló ń tà ní ọjà Santana. Iwe kì í wọ́n ọn.

Àfìgbà tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún ọkọ rẹ̀ wú. Ó sùn láìṣe nǹkan kan, ó jí, ẹsẹ̀ ti pọ́n bíi tòmátì, ó ń dán. Aṣọ ìbora kàn án, ọkùnrin tó ń pàṣẹ fún gbogbo èèyàn ní báǹkì bá ké bí ọmọ tí wọ́n dábẹ́ fún. Ó ní ayé ló fi nǹkan sílẹ̀ fún òun tẹ̀. Dókítà ní kò sẹ́ni tó rí tiẹ̀ rò débẹ̀, pé gáòtù ni, pé ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kò rí tọ̀ dànù ló ń dì ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́ sínú oríkèé. Ó ní kó máa mu omi dáadáa, kó jáwọ́ nínú bíà, kó má fẹnu kan iwe, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ẹran mọ́. Ó tún fún un ní oògùn tí yóò máa lò lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ ì báà dùn ún, ì báà má dùn ún, kí àìsàn náà má baà padà wá.

Morọ́láyọ̀ gbọ́, ó sì ṣe é. Ó ń fi tówẹ́ẹ̀lì wé yìnyín inú fírísà rẹ̀, ó ń rọra gbé e lé ẹsẹ̀ náà. Ó ń gbé omi tì í, ó ń rán an létí oògùn. Ẹsẹ̀ fọn, Akíntúndé dìde. Ni Morọ́láyọ̀ bá gbé itan adìẹ síwájú rẹ̀ láìsí iwe.

Akíntúndé wo inú abọ́ títí. Ó béèrè ẹni tó jẹ iwe òun. Morọ́láyọ̀ ní òun tà á ni. Ìgbà tó yá ni Akíntúndé ránṣẹ́ pe Fadékẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin láti Ọ̀wọ̀, ó pe Alàgbà Dọ̀tun láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì rojọ́ ìyàwó rẹ̀ ní pálọ̀. Ó ní kò ka òun sí mọ́, ó ń fi bíà du òun, ó ti sọ òun di ọmọdé nínú ilé òun. Ẹsẹ̀ ni kò dárúkọ. Ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ fi í jẹ Bàbá Ìjọ, ẹnìkan sì ti sọ létí rẹ̀ pé àìsàn ọ̀mùtí ni àìsàn ẹsẹ̀ wíwú. Morọ́láyọ̀ wò ó, ó ń retí kó là á yé wọn. Tẹlifíṣàn ni Akíntúndé ń wò.

Morọ́láyọ̀ ní dókítà ló ní kí òun ṣe bẹ́ẹ̀.

Fadékẹ́ ní, “Ṣé dókítà ló fẹ́ ọ ni? Kúnlẹ̀ bẹ ọkọ ẹ. Ohun tó bá ní òun fẹ́ jẹ ni kó o sè.”

Ó kúnlẹ̀. “Mo gbọ́ mà.”

Ó gbọ́ lóòótọ́. Láti ọjọ́ náà, iwe kò tún dín. Ẹ̀dọ̀ wà pẹ̀lú iṣu láàárọ̀, kíndìnrín wà nínú ọbẹ̀ alẹ́, bíà sì ń tutù nínú fírísà tí yìnyín ẹsẹ̀ ti ń jáde tẹ́lẹ̀. Kò rán an létí oògùn mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ara ò ro kì í rántí oògùn. Akíntúndé sanra. Ó ń sọ fún àwọn èèyàn pé ìyàwó òun ti gbọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé obìnrin náà kò mọ ohun tó ń ṣe. Ó mọ̀.

Nígbà tó ku ọ̀la tí wọn yóò fi Akíntúndé jẹ Bàbá Ìjọ, Fadékẹ́ tún dé, Alàgbà Dọ̀tun náà wá bá wọn jẹun. Akíntúndé tiro wọ ilé ìdáná. Àtàǹpàkò ti ń ta á láti àárọ̀. Lọ́la, láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú pẹpẹ ni yóò fẹsẹ̀ rìn lójú gbogbo ìjọ, kó tó kúnlẹ̀ gba òróró. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní kí Morọ́láyọ̀ má gbé iwe wá lónìí.

Morọ́láyọ̀ ní, “Ṣé kí n sọ fún Àǹtí pé ẹ̀yin lẹ ní kí n má gbé e wá?”

Akíntúndé tiro padà sí pálọ̀.

Morọ́láyọ̀ kúnlẹ̀, ó gbé odindi abọ́ iwe síwájú rẹ̀. Ìbùkúnolúwa ọmọ wọn obìnrin, tó gbọ́ Yorùbá àmọ́ tí kì í sọ ọ́, gbójú sókè.

“Daddy, no chop am. Doctor talk say na im dey swell your leg.”

Fadékẹ́ gbé ṣíbí dúró. “Ẹsẹ̀ ta ló wú?”

Gbogbo wọn ń wo ẹnu Akíntúndé. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní fíìmù ti ba orí ọmọ náà jẹ́. Ó mú iwe kan, ó rún un, ó mú òmíràn. Òógùn yọ níwájú orí rẹ̀. Alàgbà Dọ̀tun na ọwọ́, ó ní kí wọ́n fi ẹyọ kan ta òun lọ́rẹ.

Morọ́láyọ̀ fa abọ́ náà sẹ́yìn. “Ẹ má bínú sà. Ti baálé ni.”

Fadékẹ́ ní ó ti wá di ìyàwó gidi wàyí. Akíntúndé jẹ ẹ́ tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, bàtà tuntun kò wọ̀ ọ́. Ó tì í, ó ké, ó tì í lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ṣubú lu bẹ́ẹ̀dì. Fadékẹ́ lọ sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ibà ló dá a dúbúlẹ̀. Òróró ti wà nílẹ̀, ìjọ ti pé. Wọ́n fi Alàgbà Dọ̀tun jẹ ẹ́.

Nígbà tí ìròyìn náà dé, Akíntúndé pe ìyàwó rẹ̀ láti inú yàrá, ó ń bẹ̀ ẹ́ fún yìnyín. Morọ́láyọ̀ wá, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

“Bàbá Ìbùkún, ṣé kí n kọ́kọ́ pe Àǹtí, kí wọ́n ṣèpàdé lé e lórí?”

Ọkùnrin náà bú sẹ́kún. Ó pẹ́ kí Morọ́láyọ̀ tó gbé yìnyín náà dé. Kò fi tówẹ́ẹ̀lì wé e. Ó gbé odindi rẹ̀ ka àtàǹpàkò náà, ó dúró títí igbe fi lọ sílẹ̀, ó wá bi ọkọ rẹ̀ léèrè ohun tí yóò jẹ.