Ẹni Tí Kò Nawọ́ Sókè

Inú yàrá tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí ni wọ́n ti bá obìnrin tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́. Ó jókòó lórí garawa tí a dojú rẹ̀ dé, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń fi ìka tọ òǹkà inú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yẹ ìwé ìlò oògùn wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí wọ́n bá ṣi òǹkà kan kọ níbẹ̀, ẹnì kan lè lo oògùn tí yóò pa á.

“Jẹ́jẹ́, o tún ti sá wá síbí?” ni Ọ̀gá wí. “Ṣé ìgbálẹ̀ ló gbà ọ́ síṣẹ́ ni?”

“Ẹ má bínú, sà.”

“Ẹ̀ẹ̀kẹta rè é. Bí mo bá tún bá ọ níbí, ìwọ àti ìgbálẹ̀ lẹ jọ ń lọ sílé.” Ó yíjú sí Ayàwòrán-ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Ẹ kọ́ ibi tó mọ́lẹ̀ kedere fún wọn, ihò eku ni wọ́n ń wá.”

Ayàwòrán-ilé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà korò lẹ́nu rẹ̀.

Òun ló ní kí wọ́n wó ògiri mẹ́fà ní ọ́fíìsì wọn lódún tó kọjá, tí gbogbo rẹ̀ fi di gbọ̀ngàn kan ṣoṣo, tábìlì gígùn mẹ́rin, ojú ko ojú. Kí ó tó yà á, ó pe àwọn òṣìṣẹ́ jọ, ó ní ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ, kó nawọ́ sókè. Kò sẹ́ni tó nawọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbogbo wọn fara mọ́ ọn. Bí ó ti ń jáde, Jẹ́jẹ́ sáré bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó ki bébà kan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á.” Kò kà á. Tábìlì tó fi ń yàwòrán ń mì. Ó ká bébà náà sí mẹ́rin, ó fi há abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì náà.

Bẹ́ẹ̀ òun náà kì í ṣe ẹlẹ́nu. Nígbà tó ń lọ ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́, yàrá tí ènìyàn mọ́kànlá ń gbé ni ó ti ń kàwé. Ọdún mẹ́ta àti oṣù méjì ló fi di òwú sétí, tó fi ń jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má baà gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ó mọ ohun tí ògiri jẹ́ fún irú wọn. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì wó o, torí Ọ̀gá fẹ́ ibi tí ojú òun yóò ti máa ká gbogbo wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n bá Jẹ́jẹ́ láàárín ìgbálẹ̀, ó gbé tábìlì rẹ̀ sókè, ó fa bébà yọ, ó kà á.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ògiri kan sílẹ̀ fún mi, kó tiẹ̀ má ga ju èjìká lọ. Bí èèyàn bá ń kọjá lẹ́yìn mi, òǹkà máa ń dàrú mọ́ mi lójú. Mi ò lè sọ ọ́ níwájú wọn.”

Ojú tì í bí ẹni tí aṣọ bọ́ lára rẹ̀ ní gbangba. Ó pe Ọ̀gá lórí fóònù, ó ní gbọ̀ngàn náà ló ń lé Jẹ́jẹ́ sá, ṣùgbọ́n kò dárúkọ bébà náà.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá kó gbogbo wọn jọ. “Ẹni tí gbọ̀ngàn yìí ń dí lọ́wọ́, kó nawọ́.”

Ẹnì kan ń wo èékánná rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ń wo ilẹ̀.

“Ẹ ò rí nǹkan? Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Jẹ́jẹ́, ẹjọ́ rẹ tán.”

Ayàwòrán-ilé nawọ́. Apá rẹ̀ wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì.

“Ẹ̀yin kẹ̀? Ìgbà wo lẹ di òṣìṣẹ́ wa?” Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

“Èmi ni mo ba ibí jẹ́, sà. Mo ní kí ẹni tí kì í lè sọ̀rọ̀ láwùjọ wá sọ ọ́ láwùjọ. Ẹnì kan kọ ọ́ fún mi, mi ò kà á.”

“Ta ni?”

“Mi ò ní sọ, sà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí bébà, kí wọ́n má fi orúkọ sí i.”

Ọ̀gá ní kí wọ́n lọ mú bébà wá.

Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n kọ. Mọ́kànlá ló bèèrè ògiri. Ọ̀gá kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó họ orí. “Jẹ́jẹ́, gbé àga rẹ lọ bá àwọn ìgbálẹ̀ ẹ ná, títí wọ́n á fi mọ ògiri.”

Bí ó ti ń kọjá lọ, Jẹ́jẹ́ rí bébà rẹ̀ lọ́wọ́ Ayàwòrán-ilé, ó rí àpá ẹsẹ̀ tábìlì tó tẹ̀ ẹ́ láàárín. Ì bá tẹ́ ọkùnrin náà lọ́rùn kí obìnrin náà bú òun. Ṣùgbọ́n Jẹ́jẹ́ gba bébà náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ, ó sì gbé àga rẹ̀ lọ.