Páálí Ìṣáná Bàbá Ṣíjú

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọ́nnu díẹ̀. Èmi Ṣíjú Adéyanjú, sikiọ́ríti ní ilé ìtajà ńlá kan ní Mirdif, ní Dubai, orúkọ mi ti wà lẹ́yìn àwo orin láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún kan. Oṣù tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀.

Káfíńtà ni bàbá mi. Lọ́dún 1989, wọ́n pè é sí ilé kan lẹ́yìn Campos, l'Ékòó, kó wá tún ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀ ṣe. Aunty Magdalene, ọmọ Àgùdà tó ń ta gìtá, ló ń ṣe àwo níbẹ̀. Bossa nova ni, orin Brazil tí wọ́n máa ń kọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ. Ìlù ń bo gìtá mọ́lẹ̀, inú sì ń bí Aunty. Bàbá mi ń sinmi lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ìka lu páálí ìṣáná tó fi ń tan sìgá. Aunty ní, "Bàbá Ṣíjú, ẹ fi ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀, ẹ wọlé." Bó ṣe di olórin fún ọjọ́ kan ṣoṣo nìyẹn.

Ìtàn yìí la máa ń fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́ nílé. Kò sí àwo náà lọ́wọ́ rẹ̀, ta ni yóò gbà á gbọ́? Àbúrò rẹ̀ máa ń pè é ní Ọ̀gá Oníṣáná, èmi náà á sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ń dùn mí báyìí.

Ṣọ́ọ̀bù kan wà lọ́ọ̀ọ́kán ibi tí mo máa ń dúró sí, tó ń ta àwo àtijọ́. Mr. Fernandes, ará Goa, ló ni ín. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó gbé àwo kan sórí ẹ̀rọ. Gìtá kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀-ṣẹ̀kẹ̀ kan lábẹ́ rẹ̀. Bí bàbá mi ṣe máa ń lu tábìlì oúnjẹ gẹ́lẹ́ nìyẹn!

Mo sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó ń sọ fún oníbàárà méjì pé Ìrọ̀lẹ́ Campos ni wọ́n ń pe àwo yìí, pé àwọn ọ̀dọ́ olórin ní Japan àti Brazil ṣì ń fi kọ́ṣẹ́. Wọ́n fẹ́ tún un tẹ̀ jáde, òun ni wọ́n sì ní kó kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn páálí rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́bọ̀.

"Ẹnì kan ṣoṣo la ò rí," ó ní. "Baba Siju, tó lu páálí ìṣáná. A wá ìdílé Siju títí dé Brazil. Màá kọ ọ́ pé a ò mọ ẹni tó jẹ́, àti pé ó jọ pé ó ti kú."

Ó ti kú kẹ̀? Bàbá mi tó fi ohùn ránṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tó ń bá mi jà pé mi ò pe òun!

Òfin iṣẹ́ wa ni pé sikiọ́ríti kì í dá sí ọ̀rọ̀ oníbàárà. Mo ti gba ìwé ìkìlọ̀ kan, contract mi sì ku oṣù méjì. Tòhíbù, ọ̀gá wa lẹ́nu iṣẹ́, sì ń wò mí lọ́ọ̀ọ́kán. Mo wọlé.

"Sir, èmi ni Siju." Mo fi káàdì tó wà láyà mi hàn án. "Níbi tiwa, tí èèyàn bá ti bímọ, orúkọ àkọ́bí rẹ̀ la fi ń pè é. Baba Siju, bàbá tèmi nìyẹn. Ó wà láàyè."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń wo yunifọ́ọ̀mù. "Sister, ó dùn ún gbọ́. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé òótọ́ ni?"

Mo bi í bóyá ibì kan wà nínú orin kejì tí páálí náà ti dákẹ́. Ojú rẹ̀ tàn. Ó ní ìdákẹ́ yẹn gan-an ló sọ àwo náà di olókìkí, pé àwọn olórin káàkiri ló ń ṣe é báyìí. "Ọgbọ́n ńlá ni," ó ní.

"Kì í ṣe ọgbọ́n, sir. Páálí náà ló já, tí ìṣáná dà sílẹ̀. Ẹ̀rù ba bàbá mi pé wọ́n á lé òun, ló bá yára yọ òmíràn lápò. Ẹ gbé ohùn rẹ̀ sókè, ẹ ó gbọ́ ọ."

Ó gbé abẹ́rẹ́ sórí orin kejì, ó yí ohùn rẹ̀ dé òpin. Ó ku gìtá nìkan. Lẹ́yìn náà la gbọ́ ọ, fẹ́ẹ́rẹ́, igi ìṣáná ń bọ́ sórí páákó, ẹnì kan sì mí kanlẹ̀. Mo mọ èémí yẹn. Fernandes fọwọ́ bo ẹnu. Mo ń sunkún nínú yunifọ́ọ̀mù níwájú oníbàárà, kò sì tì mí lójú rárá.

Tòhíbù ti dé ẹ̀yìn mi. Mo ní ó tán, ìwé ìkìlọ̀ kejì ti dé.

"Ẹ̀gbọ́n, bàbá yín nìyẹn?" ó ní. "Ẹ jókòó jàre. Màá dúró sí post yín. Khalas, ó parí."

Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí bàbá mi pé orúkọ rẹ̀ gan-an, Bólúwají Adéyanjú, ni wọ́n máa kọ báyìí. Inú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Rolla, níbi tí mò ń gbé, ni mo ti gbọ́ èsì rẹ̀.

"Àwọn tó ń pè mí ní Bólúwají ti kú tán. Kí wọ́n má fọwọ́ kan Bàbá Ṣíjú yẹn o. Kí wọ́n sáà kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé káfíńtà ni mí, àti pé Ṣíjú wà ní Dubai, òun ló sọ fún wọn pé mi ò tíì kú."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un gbọ́. Ní ìparí rẹ̀, kó tó pa fóònù, ó mi páálí ìṣáná kan.