Ìdajì Orin Erè

Ohun àìdáa mẹ́ta ni wọ́n ṣe sí wa ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Lima, olú ìlú Peru. Wọ́n gé aṣọ ìyá àgbà mi sí méjì. Wọ́n fi ìdajì kan ránṣẹ́ sí òkè òkun láìbéèrè lọ́wọ́ wa. Wọ́n sì kọ "ọ̀ṣọ́ ara ògiri" sábẹ́ èyí tó kù.

Kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Àwa Shipibo etí odò Ucayali gbà pé erè odò ló kọ́kọ́ kọrin láyé, àti pé ìlà ara rẹ̀ ni orin náà. Ẹni tó bá mọ ìlà yóò máa fi ìka tọ̀ ọ́, yóò sì máa kọ ọ́ lórin. Ìyá àgbà mi, Pekon Rabi, àti àbúrò rẹ̀, Sanken Bea, ni wọ́n jọ ya orin náà sára aṣọ. Wọ́n jókòó sí ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì, oníkálukú ń kọrin, ó ń yàwòrán, títí ìlà wọn fi pàdé láàárín.

Pekon Rabi kú lọ́dún tó kọjá. Ó ti ní kí a kọ orin náà lójú oórì òun bí ọdún bá yípo. Sátidé tó ń bọ̀ ni. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò kọ́ ìdajì tirẹ̀ sórí, torí a ní ó ṣáà wà lára aṣọ. Àṣìṣe tiwa nìyẹn. A tún yá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà láṣọ ọ̀hún.

Ọ̀gá Zegarra, alábòójútó ibẹ̀, rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Màmá Sanken níwájú ìdajì tó kù lára ògiri. "Ìyá, ògiri wa ni kò gbà á tán."

"Bí fìlà ò bá wọ̀ ọ́, ṣé orí lo máa gé?"

Màmá Sanken gbé ìka lé ìlà. Ohùn rẹ̀ jáde, tín-ín-rín, ó ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí ìka dé ibi tí àlùmọ́gàjí gbà kọjá, ohùn dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ náà ló tún dúró sí.

"Ọmọ mi, ọ̀nà tán."

"Màmá, ẹ gbìyànjú kí ẹ rántí."

"Kí ni kí n rántí? Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń dá mi lóhùn láti ọ̀hún." Ó ń fọwọ́ wá ara ògiri funfun náà kiri, ó sì bú sẹ́kún.

Zegarra ní kí wọ́n bu omi wá.

"Ọ̀gá," ni mo wí, "a ò béèrè omi. Lódindi la gbé aṣọ fún yín. Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n gé e, ẹ̀yin náà lẹ mọ ilé tí ìdajì yòókù wà. Ẹ pè wọ́n báyìí, lójú mi. Ẹ gbà á padà fún wa kó tó di Sátidé."