Ìdí Tí Fóònù Oníbúrẹ́dì Fi Dákẹ́

Ọjọ́ tí Bàbá Oníbúrẹ́dì sọ fún aránṣọ òdìkejì títì pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ, ẹnu rẹ̀ gbẹ bíi búrẹ́dì àná. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ yìí sùn ná. Màá pè yín." Láti ìgbà náà ni oorun ti fò lọ lójú Bàbá Oníbúrẹ́dì, nítorí aránṣọ kò pè.

Kì í ṣe pé fóònù rẹ̀ kò dún rárá o. Ọmọbìnrin rẹ̀, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì náà, pè é láti ẹ̀yìnkùlé pé kó wá wo ààrò. Àbúrò rẹ̀ pè é, ó ń ráhùn nípa orúnkún rẹ̀ títí etí Bàbá fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di. Ẹni tí kò retí ń pè, ẹni tó ń retí kò pè. Ayé á sì máa ṣe báyìí fún àgbàlagbà!

Ó gbé fóònù sórí àpò fúláwà, ó tẹjú mọ́ ọn. Gbogbo igi netiwọ́ọ̀kì ló dúró gbagidi lókè ibẹ̀, ìkankan kò dín. Bátìrì kún. Ó gbé e lọ sójú fèrèsé, ó nà án sókè bí ẹni tó fẹ́ fi ká ọsàn, ó tún gbé e bọ̀. Bákan náà ló rí. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Fóònù yìí náà dakùn délẹ̀, ó ń tàn yanran, ta ló máa sọ pé nǹkan ń ṣe é?

"Pè mí wò," ló sọ fún ọmọ rẹ̀.

"Bàbá, mo ṣáà wà níwájú yín níbí."

"Mo ní kí o pè mí wò!"

Ọmọ náà pè é. Kíá ni fóònù bú sí orin, ó sì ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀ lórí àpò fúláwà. Ọkàn Bàbá Oníbúrẹ́dì rẹ̀wẹ̀sì, nítorí ohun tó ń gbàdúrà fún ni pé kó ti bàjẹ́. Fóònù tó bàjẹ́ ṣeé tún ṣe. Obìnrin tó rò ó tán, tó ní òun kò fẹ́ ńkọ́, ta ló ń tún ìyẹn ṣe?

"Ta lẹ tilẹ̀ ń retí, Bàbá?"

"Onífúláwà ni."

Irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ ọ̀hún lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀, nítorí lóòótọ́ ni wọ́n ń retí fúláwà láàárọ̀ yẹn. Àwòrán olóògbé ìyá ọmọ náà ṣì wà lára ògiri, lókè tábìlì tí wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun, kò sì sí òwúrọ̀ kan tí ọmọ náà kì í nu eruku fúláwà kúrò lójú rẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé òun fẹ́ fẹ́ obìnrin mìíràn? Bàbá Oníbúrẹ́dì tó ń ki apá bọnú ààrò gbígbóná láìṣẹ́jú, ẹ̀rù ọmọ bíbí inú rẹ̀ ń bà á.

Ẹ ó ní kí ló dé tí kò fi pe aránṣọ fúnra rẹ̀. Òun kò fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bi èèyàn ní irú ìbéèrè yẹn, tó tún ń sá tẹ̀lé ìdáhùn, ó dà bí ẹni tó ń ṣí ààrò kí búrẹ́dì tó wú. Ṣùgbọ́n nígbà tó yọjú sí títì, tó rí i pé aránṣọ ti fa aṣọ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bò, ó padà sídìí tábìlì, ó ń gbá ìyẹ̀fun mọ́lẹ̀ bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ ẹ́.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí awakọ̀ onífúláwà já wọlé. Awakọ̀ tuntun ni, òógùn bo ojú rẹ̀.

"Bàbá, kí ni mo fi ṣe yín? Mo dúró lẹ́nu géètì ẹ̀yìn títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Mo pè yín, mo pè yín, ẹ ò gbé e!"

"Fóònù mi ò dún."

"Háà! Ẹ wò ó, mo tún ń pè yín báyìí. Ó ń dún létí mi!"

Gbogbo wọn tẹjú mọ́ fóònù náà: bàbá, ọmọ, awakọ̀, àti àwọn oníbàárà méjì tí wọ́n ti sanwó tán ṣùgbọ́n tí wọn kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá wọn. Fóònù dákẹ́ lọ gbári. Igi netiwọ́ọ̀kì kò yẹ̀.

"Ó ti ní kí n fi ohùn sílẹ̀," ni awakọ̀ wí.

Ọmọbìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Bàbá, èmi ni mo fà á. Ṣé ẹ rántí àwọn tó ń pè yín ṣáá pé kí ẹ wá ra ilẹ̀, tí ẹ fi ń bá wọn jiyàn tí búrẹ́dì fi jóná? Mo fi fóònù yín sí 'Má Dà Mí Láàmú'. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ bá wà nínú ẹ̀ nìkan ló lè mú un dún. Ẹni tí ò bá sí níbẹ̀, ó máa ní kó fi ohùn sílẹ̀ ni, kò sì ní fi àmì kankan hàn yín. Netiwọ́ọ̀kì ò mọwọ́ mẹsẹ̀." Ó ronú díẹ̀. "Àmọ́ gbogbo ẹni tí ẹ mọ̀ ni mo kọ síbẹ̀. Ta ló kù?"

Bàbá Oníbúrẹ́dì mọ̀ pé ẹnì kan ló kù. Ọjọ́ tí aránṣọ fún un ní nọ́ńbà rẹ̀ ló ti kọ́ ọ sórí. Bó bá ń po ìyẹ̀fun, á máa kà á lábẹ́ ahọ́n, ìkúùkù kan fún nọ́ńbà kan. Ó gbà pé ohun iyebíye báyìí kì í ṣe ohun tí à ń kó sínú fóònù tí ọmọ ẹni ń tú wò. Ó mọ̀ ọ́n ju nọ́ńbà ara rẹ̀ lọ. Áà, àgbà òṣìṣẹ́! Ẹni tó fi pamọ́ sọ́kàn tìfẹ́tìfẹ́, fóònù kà á sí àjèjì, ó tì í mọ́ta pẹ̀lú àwọn onílẹ̀.

"Ohùn tí wọ́n fi sílẹ̀ ńkọ́?" ló béèrè. "Ó ṣì wà?"

Ìyẹ̀fun kún ọwọ́ rẹ̀, nítorí náà ọmọ rẹ̀ ló bá a tẹ̀ ẹ́, ó sì jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta. Onílẹ̀ kan kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn obìnrin kan gba gbogbo ilé búrẹ́dì.

"Bàbá Oníbúrẹ́dì, èmi ni. Mo ti fi sùn, mo sì ti jí. Bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbà láti fẹ́ yín. Ẹ tètè pè mí o."

Bí ilẹ̀ bá lanu nígbà yẹn, Bàbá ì bá kó sí i tayọ̀tayọ̀. Ohùn tún jáde.

"Ẹni tèmi, ṣé ẹ ò gbọ́ mi ni? Àbí ìdí ààrò lẹ wà?"

Ohùn kẹta tó fi sílẹ̀ le.

"Ó dáa. Ó ti yé mi. O ní o fẹ́ mi, mo dá ọ lóhùn, o wá di odi. Má pè mí mọ́. Mo ti fa aṣọ fèrèsé mi bò kí n má baà máa rí ọ. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì mi ti Sátidé, kí o fi ránṣẹ́ o, torí n ò rí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n ṣe."

Oníbàárà kan bú sẹ́rìn-ín, èkejì fi ìgbọ̀nwọ́ gún un níhà. Bàbá Oníbúrẹ́dì kò rí wọn. Ojú ọmọ rẹ̀ ló ń wò.

"Aránṣọ wa?" ni ọmọ náà bi í.

"Òun ni. Mo fẹ́ sọ fún ọ. Ẹ̀rù ló bà mí. Ìyá rẹ…"

"Ìyá mi kò ní fẹ́ kí ẹ máa dá jẹun, Bàbá." Ó fi èjìká nu ojú. "Èmi gan-an ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ni nọ́ńbà ẹ̀?"

Bàbá kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò mí láàárín. Àwọn oníbàárà pàtẹ́wọ́. Ọmọ rẹ̀ tẹ fóònù tà-tà-tà, ó jù ú sínú àpò aṣọ iṣẹ́ bàbá rẹ̀, ó sì tì í sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ máa lọ jàre! Kí lẹ tún dúró ṣe?"

Àgbàlagbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé ejò, ejò ń lé e. Àwọn tó rí Bàbá Oníbúrẹ́dì tó ń sáré sọdá títì, tí fúláwà ń bọ́ lára rẹ̀, wá ejò náà títí, wọn kò rí i.

Aránṣọ wà nídìí máṣíìnì, ó ń rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan. Kò gbójú sókè.

"Ṣọ́ọ̀bù ti tì pa."

"Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀."

"Ilẹ̀kùn ló ṣí. Èmi ti tì pa."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó mú un láti àárín, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, onílẹ̀ dàpọ̀ mọ́ onífúláwà. Aránṣọ dá máṣíìnì dúró.

"Fóònù rẹ kò mọ̀ mí?"

"Èmi mọ̀ yín. Fóònù ni kò mọ̀ yín. Ọmọ mi ti bá mi tún un ṣe."

"Ọmọ rẹ ti gbọ́?"

"Gbogbo ilé búrẹ́dì ló gbọ́."

Aránṣọ há ẹ̀rín mọ́nú, ó mú fóònù tirẹ̀. "A óò rí i. Mò ń pè ọ́."

Orin bú jáde nínú àpò Bàbá Oníbúrẹ́dì. Ó fa fóònù yọ, ṣùgbọ́n kò mú awò ojú rẹ̀ dání, ló bá nà án sí obìnrin náà kó bá òun wò ó. Aránṣọ wò ó. Ó tún un wò. Ohun tí ọmọ náà kọ síbẹ̀ ni "Màmá Wa".

"Ta ló kọ èyí?" Ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Kí ló kọ?"

Ó kà á fún un. Bàbá Oníbúrẹ́dì fìdí lé àga oníbàárà, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Aránṣọ náà ń nu ojú, orin náà ń lọ láàárín wọn.

"Gbé e," ni obìnrin náà wí. "Gbé e kó tó ní kí n tún fi ohùn sílẹ̀."

Bàbá gbé e sétí. "Hẹ́lòó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni aránṣọ sọ sínú fóònù, ó ń wò ó lójú.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbọ́.