Ọ̀gbẹ́ni, Ehoro Ilé Hikmat

Ta ni kò mọ ehoro? Ẹran tó jẹ́ pé bí ewé gbígbẹ bá já lulẹ̀ lásán, á ti sá wọgbó. Ojo ni baba tó bí i, ojo ni ìyá. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nílé Hikmat aránṣọ, ládùúgbò ẹ̀bá réluwé l'Ọ́fà, ẹni tó bá pè é ní ojo kò tíì bá a pàdé ni. Ọ̀gbẹ́ni lorúkọ rẹ̀. Ó ti gé òṣìṣẹ́ oníná jẹ rí, àgbàlagbà ọkùnrin náà sì fò sórí àga bí ọmọdé. Bàrákàt tí wọ́n jọ pààlà ògiri kò wọlé mọ́. Ojú fèrèsé ló ti ń kí Hikmat.

Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Abdulwasiu, ọkọ Hikmat, ló rà á lọ́jà Ojoku lọ́jọ́ tó lọ tún fíríìjì kan ṣe níbẹ̀. Ajá ti fa etí ẹran náà ya, ẹni tó ń tà á sì ń wá ẹni tí yóò fi se ọbẹ̀. Abdulwasiu kò lè wò ó níran, ló bá gbé e wálé. Lálaalẹ́ ló máa ń gbé e lé ẹsẹ̀, á fi omi iyọ̀ wẹ egbò náà, á sì máa rọ̀ ọ́ pé kó fara dà á. Etí jinná, ó ku ààbọ̀. Láti ìgbà náà ni ehoro ti ń tẹ̀ lé ọkùnrin náà kiri ilé bí òròmọdìẹ.

Ibà ló mú Abdulwasiu nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tó mọ̀ pé kì í ṣe ibà lásán, ó ti kú. Ilé kún fọ́fọ́, èrò ń wọlé, èrò ń jáde, àtàwọn tó mọ̀ ọ́n àtàwọn tó mọ fíríìjì tó tún ṣe. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Ọ̀gbẹ́ni bẹ̀rẹ̀ sí í gé èèyàn jẹ. Àwọn kan ní ojú lásán kọ́ lẹran náà fi ń wo èèyàn. Àwọn kan ní ọ̀fọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ló ń ṣe. Èyí ni Hikmat gbà gbọ́, ó sì tù ú nínú. Ọlọ́run kò fún òun àti ọkọ rẹ̀ lọ́mọ. Wọ́n ti pín aṣọ ọkùnrin náà, irinṣẹ́ rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí Abdulwasiu fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú, ehoro yìí nìkan ló kù tó ń mí.

Ọ̀rọ̀ wá dójú ẹ̀ lọ́jọ́ tí Alhaja Sherifat, ìyá olóògbé, wá wo ìyàwó ọmọ rẹ̀. Alhaja jókòó, ó mu omi, ó wo ojú Hikmat títí, ó ní, “Pẹ̀lẹ́, ìyàwó mi.” Kò tíì pa ẹnu dé tí Ọ̀gbẹ́ni fi jáde lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, tó gé e jẹ lọ́rùn ẹsẹ̀. Àwọn oníbàárà tó wà níbẹ̀ dìde pẹ̀lú ẹnu àánú: ẹ pẹ̀lẹ́ o, Alhaja, ẹ mà pẹ̀lẹ́ o. Bí wọ́n ṣe ń kí i tó, bẹ́ẹ̀ ni ehoro ń tún un gé. Ẹ̀jẹ̀ dé ilẹ̀ kí Hikmat tó rí i mú.

Alhaji Àlàbí, ẹ̀gbọ́n Abdulwasiu, gbọ́, ó sì wá. Èèyàn burúkú kọ́. Láti ìgbà tí àbúrò rẹ̀ ti kú, òun ló ń bá Hikmat ṣe gbogbo iṣẹ́ tó gba ọwọ́ ọkùnrin nínú ilé. Ṣùgbọ́n ìyá ẹni ni ìyá ẹni. Ó ní ká ní èèyàn ló gé ìyá òun jẹ ni, àgọ́ ọlọ́pàá ni òun ìbá mú un lọ. Ṣùgbọ́n ẹran nìyí, ìkòkò sì ni àgọ́ ọlọ́pàá tirẹ̀. Tí àwọn bá ti kírun Jímọ̀ tán, òun ń bọ̀ tòun tọ̀bẹ. Hikmat kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ títí, kò gbọ́.

Lọ́jọ́bọ̀, ẹ̀dùn ọkàn kò jẹ́ kí Hikmat lè fojú sí iṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń jẹ ewé ọ̀dùnkún jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Níbi tó ti ń ro ti ọ̀la, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ gún un lọ́mọ ìka, ó sì ké. Bàrákàt yọrí lójú fèrèsé, ó ní pẹ̀lẹ́ o. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni ehoro ju ewé sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ ẹ̀yìn lu ilẹ̀ gbì, ó gé Hikmat jẹ lẹ́sẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí i rí. Ẹnu ya Bàrákàt, ó ní yéè, pẹ̀lẹ́. Ehoro tún padà wá.

Hikmat na ọwọ́ sí Bàrákàt pé kó pa ẹnu mọ́. Nígbà tí ara ẹran náà rọ̀, ó bá a sọ̀rọ̀. Ó ní ẹ kú iṣẹ́, ó ní jókòó, ó pe Alhaji lórúkọ pàápàá. Ehoro kò wo ojú rẹ̀. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, “Pẹ̀lẹ́.” Ọ̀gbẹ́ni pa etí rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, odindi àti ààbọ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń kùn.

Ìgbà náà ló yé Hikmat. Omi iyọ̀ lójú egbò, ta ni kò mọ bó ṣe ń ta? Gbogbo alẹ́ tí Abdulwasiu fi ń wẹ egbò náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu rẹ̀: pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́. Àwa mọ̀ pé àánú ni. Lójú ehoro, ìròyìn ni, pé ìrora ń bọ̀. Nígbà tó wá di ọjọ́ òkú, tí gbogbo ìlú rọ́ wọlé tí kò sí ohun méjì lẹ́nu wọn, kí ni kí ẹran ṣe?

Àánú rẹ̀ ṣe Hikmat dé egungun. Àánú ara rẹ̀ náà sì ṣe é, nítorí kò ní èèyàn kan tó lè sọ ọ́ fún pé bó ṣe ń ṣe òun náà nìyẹn. Bí ara bá fẹ́ gbàgbé díẹ̀, ẹnìkan á wọlé, á ní pẹ̀lẹ́, egbò á sì tún ṣí. Ehoro ní eyín tó lè fi fèsì. Òun ní láti kúnlẹ̀ kó sì dúpẹ́.

Nígbà tó di Jímọ̀, Alhaji Àlàbí dé tòun ti ọ̀bẹ tó fi ọ̀rá wé, Alhaja sì ń tiro bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Hikmat kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n má sọ pẹ̀lẹ́ nínú ilé náà, ó sì ṣàlàyé. Alhaji wò ó bí ẹni tí ọ̀fọ̀ fẹ́ yí lórí. Ó wọlé, ó dúró níwájú ehoro, ó ní, “Pẹ̀lẹ́.”

Ọ̀gbẹ́ni kò jẹ́ kó tún un sọ. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gé jẹ. Alhaji fò sókè, ọ̀bẹ yọ nínú ọ̀rá, ó bọ́ sílẹ̀, Alhaja sì la ẹnu láti ṣe ohun tí gbogbo ọmọ Yorùbá ń ṣe tí ẹlòmíràn bá fara pa. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀ kó tó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Yorùbá tó ní ẹ kú fún ẹni tó jókòó, tó ní i fún ẹni tó dìde, kò rí èyí tí yóò lò. Inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni ehoro ti padà sídìí ewé rẹ̀, tó ń jẹun lọ bí ẹran ọ̀sìn mìíràn. Alhaji fi ọwọ́ di ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó tẹjú mọ́ etí tó ya náà títí. Ó mú ọ̀bẹ nílẹ̀, ó wé e padà sínú ọ̀rá, òun àti ìyá rẹ̀ sì jókòó.

Alhaja ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́. “Èmi náà, tí wọ́n bá ti sọ ọ́ fún mi, bí ẹni kí n gé wọn jẹ ló máa ń ṣe mí.”

Hikmat gbójú sókè. Omi ti kún ojú ìyá náà.

“Wasiu fẹ́ sọ ìtàn ehoro yìí fún mi rí lórí fóònù,” ni Alhaja wí. “Mo ní kó jẹ́ kí n ráyè ná. Wá sọ ọ́ fún mi.”

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín, kò sẹ́ni tó pe orúkọ náà nínú ilé yẹn; olóògbé ni gbogbo wọn ń pè é. Hikmat dìde lórí orúnkún, ó lọ jókòó ti ìyá ọkọ rẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí Wasiu gbé e dé, inú àpò irinṣẹ́ ló fi í sí. Nígbà tí òun rí i tí àpò ń mira, tí òun bi í kí ló wà níbẹ̀, ó ní ẹ̀rọ fíríìjì kan ni, tí kò tíì mọ̀ pé wọ́n ti pa iná. Alhaja bú sẹ́rìn-ín, omijé ń dà lójú rẹ̀ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, ó di ọwọ́ Hikmat mú, ó ní kó tún ibẹ̀ sọ.