Ẹsẹ̀-Yá Wọlé

Ilé mẹ́jọ lóòjọ́ ni ọ̀gá àtijọ́ máa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ìdílé aláìní. Kò bìkítà ohun tí wọ́n rí níbẹ̀. Kí fọ́ọ̀mù ṣáà pé. Bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀kan nínú wọn, obìnrin kan, ní Ẹsẹ̀-Yá nìyẹn. Ẹnu ọ̀nà ló ti ń kí onílé, ẹnu ọ̀nà náà ló ti ń kọ fọ́ọ̀mù, kéèyàn tó ṣẹ́jú ó ti dé ilé kejì.

Ọ̀gá tuntun dé, obìnrin ni. Ó ní láràárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òun àti òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á jọ jókòó yẹ fáìlì ìdílé kan wò. Ẹsẹ̀-Yá fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ti dá àwọn padà sí jẹ́lé-ó-sinmi.

Nígbà tó kàn án, fáìlì ìyá àgbà kan ni ọ̀gá ṣí. Ẹsẹ̀-Yá ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí ibi ìdáná, kò sí ibùsùn. Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé fẹ́ jókòó láti gba àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjèèjì, obìnrin ni wọ́n, lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀gá béèrè jẹ́ẹ́jẹ́ pé, “Yàrá tí wọ́n ń sùn, báwo ló ṣe rí?”

Ẹsẹ̀-Yá ń ṣí fáìlì náà síwá sẹ́yìn; ẹnu ọ̀nà ló ti kọ ọ́. Ọ̀gá ò bú u. Ìyẹn gan-an ló dùn ún dé egungun.

“Ó yá, àbúrò. Ìwọ lo máa kanlẹ̀kùn, ìwọ lo máa béèrè. Ẹ̀yìn rẹ ni mo wà.”

Eré ni wọ́n sá dé ilé náà. Ìyá àgbà wo Ẹsẹ̀-Yá láti òkè délẹ̀. “Ọmọ mi, o ò wọlé jókòó lọ́jọ́sí. Ṣé ẹ̀gún ti kúrò lórí àga mi ni?”

Ó mú wọn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ẹ̀yìn. Sítóòfù tó ń dán wà níbẹ̀, ibùsùn kékeré méjì, àti ara ògiri tí ìyá àgbà ti ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì bí àwọn ọmọ ṣe ń ga sí i lóṣooṣù.  Gbogbo rẹ̀ ni Ẹsẹ̀-Yá kọ sílẹ̀.

Níwájú ìgbìmọ̀, alága ní kí ọ̀gá sọ̀rọ̀. Ọ̀gá nawọ́ sí Ẹsẹ̀-Yá.

“Irọ́ ni mo kọ,” ló wí. “Mi ò wọlé nígbà yẹn. Òní ni mo wọlé.”

Ó wá ròyìn ilé náà fún wọn, kò fo ohunkóhun. Alága bá a wí kíkankíkan, ó sì fagi lé ìwé tí wọ́n fẹ́ fi gba àwọn ọmọ náà.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìgbìmọ̀, ìyá àgbà di èjìká àwọn ọmọ mú ṣinṣin. Ẹsẹ̀-Yá fẹ́ ka ìpinnu náà fún un bí òṣìṣẹ́ ìjọba, ó wá pa ìwé náà dé.

“Màmá, ẹ máa mú wọn lọ sílé.”

Èyí tó kéré nínú àwọn ọmọ náà bi ọ̀gá bóyá èèyàn lè sáré níbí. Ọ̀gá ní kí wọ́n máa sáré, wọ́n sì sáré.