Ilé Tí Kò Ní Sàréè

Ẹ má dárúkọ Ernest sí mi létí tí mo bá wà lórí ìdúró. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n jókòó, torí ẹ̀jẹ̀ a máa ru sí mi lórí. Àbúrò mi ni o. Ìyá kan, bàbá kan. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n, èmi ni mo nu ikun imú rẹ̀. Nígbà tí bàbá wa kú, tí agbára ò gbé ilé ìwé ọmọ méjì mọ́, èmi Susannah ni mo kúrò, mo lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, kí òun lè máa lọ. Ó lọ, ó sì kàwé. Ó di akọ̀wé ìjọba, ó ń so táì mọ́rùn. Inú mi dùn nígbà yẹn, mi ò ní purọ́.

Ilé tí mò ń wí yìí, ìyá wa ló kọ́ ọ. Kì í ṣe ilé bàbá wa. Kánò ni bàbá wa kú sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin wọ́n sí. Ìyá wa ló ta ẹní, ó ta gaàrí, títí ó fi kọ́ ilé oníyàrá mẹ́rin sí Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Lọ́dún 1984, tí wọ́n ń dá àwọn èèyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́ káàkiri, ó kan Albert ọkọ mi ní Ìbàdàn. A kó ẹrù wa, àwa àti ọmọ wa méjèèjì, Adébùsọ́lá àti Richard, a forí lé ọ̀dọ̀ ìyá mi. Ìyá ò bi wá ní ìbéèrè kankan. Ó ṣí yàrá ẹ̀yìn, ó ní, "Ilé yín rèé. Ẹ ti jẹun?" Ibẹ̀ ni a wà títí ó fi kú lọ́dún kejì.

Òkú ò tíì tutù tí ìjà fi bẹ̀rẹ̀. Bàbá Ṣàngóbíyì, àbúrò ìyá mi, dé láti Ìmùṣin. Ìyá wa gba ìgbàgbọ́, bàbá yìí ò gbà. Òrìṣà ni wọ́n ń bọ ní tiwọn. Wọn ò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n fi sọ pé inú yàrá ìyá ni a ó gbẹ́ ilẹ̀ sí.

"Ẹ̀gbọ́n mi fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi," ni wọ́n wí. "Ó ní òun ti sọ fún Ernest pẹ̀lú. Ẹni tó bá kọ́lé, inú ilé rẹ̀ ló ń sùn sí."

Gbogbo wa wo Ernest. Ó fi ìnujú nu ojú, ó mi orí. "Màmá ò sọ nǹkan kan fún mi o. Ọmọ ìjọ ni wọ́n. Ọgbà òkú ṣọ́ọ̀ṣì ló yẹ wọ́n. Ní ayé ọ̀làjú yìí, ta ló tún ń sin òkú sí yàrá tí ọmọdé ń sùn?"

Ta ni ẹ rò pé ó gbè é lẹ́yìn? Èmi abẹnugan náà ni. Mo dìde láàrin ẹbí, mo ní Ernest ò lè purọ́ mọ́ ìyá wa, mo ní kí bàbá má fi ìwà kèfèrí dí ọ̀nà ọ̀run mọ́ ìyá mi. Ojú àgbàlagbà ni mo ti sọ ọ́. Bàbá dìde. Wọn ò fìgbà kan pè mí ní Susannah rí, Àbẹ̀bí ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n ní, "Àbẹ̀bí, ó dáa. Ẹ̀yin lẹ ni òkú yín." Wọ́n dé fìlà wọn, wọ́n bọ́ síta. A sin ìyá sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹgbẹ́ akọrin kọrin, a fi síméńtì bo ilẹ̀. Ernest sunkún ju gbogbo wa lọ. Ṣíọ̀!

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nídìí máṣíìnì mi, mo ń rán yunifọ́ọ̀mù ọmọ ọlọ́mọ, ni mo bá gbọ́ gbàgà lórí òrùlé. Mo jáde. Àwọn kafíńtà ti wà lókè, wọ́n ń ṣí páànù. Mo figbe bọnu, mo ní olè ni. Ọkùnrin kan sáré wá bá mi, ó ṣí fìlà lórí. Adébóyè lorúkọ rẹ̀, ó ń ta irin àti síméńtì. Ó ní kí n má bínú, òun ti ra ilé náà lọ́wọ́ Ernest, Ernest sì ní a ti mọ̀, a ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Ká ní ó bú mi ni, mo mọ ohun tí ǹ bá gbé là á lórí. Ṣùgbọ́n ọmọlúàbí ni, ìyẹn ló tún dùn mí jù.

"Màdáámù, mo ṣe ìwádìí dáadáa," ló wí. "Mo béèrè bóyá sàréè wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí ara màmá ò ti yá la ti ń bá ọ̀rọ̀ náà bọ̀. Mo sọ fún bùrọ̀dá Ernest pé tí wọ́n bá fi lè sin màmá sínú ilé, kí wọ́n má wulẹ̀ wá mi mọ́. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni."

Mo jókòó sórí ilẹ̀. Ẹni tí kì í bá ṣe ará ilé wa lè máa bi ara rẹ̀ pé kí ló kan òkú kan ọjà. Ó kàn án! Ilé tí wọ́n bá ti sin ẹni tó kọ́ ọ sí, ta ni yóò fowó rà á? Ta ni yóò máa jẹun lórí ìyá oníyàá? Ilé bẹ́ẹ̀ ti di ti ọmọ, ó di ti ọmọ ọmọ, kò ṣeé tà. Ernest mọ̀. Ìyá mi ṣì ń mí, ó ṣì ń béèrè omi mu, ọmọ rẹ̀ ti ń wá ibi tí yóò gbé e jù sí kó má bàa dí ọjà lọ́wọ́. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́.

Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò gbé e lọ sí kóòtù. Ìwé ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀, torí òun ni ìyá ní ó kàwé. Páànù ti kúrò lórí wa, òjò sì ti ṣú. Ṣé lọ́yà ni ǹ bá lọ wá ni, àbí ibi tí àwọn ọmọ mi máa sùn?

Ṣọ́ọ̀ṣì fún wa ní gbọ̀ngàn tí àwọn ọmọdé ti ń kẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì, wọ́n ní ká máa gbé ibẹ̀ ná títí a ó fi rí ọ̀nà. A to bẹ́ǹṣì pọ̀, a tẹ́ ẹní lé e. Tí ẹgbẹ́ akọrin bá ń bọ̀, a ó kó ẹrù síta. Tí ẹgbẹ́ ìyá bá fẹ́ ṣèpàdé, a ó tún kó o. Àwọn obìnrin tí mo ti ń ránṣọ fún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ ohùn sílẹ̀ tí wọ́n bá ń kí mi, bí ìgbà tí wọ́n ń kí aláìsàn. Mo gbé máṣíìnì mi sábẹ́ igi níwájú gbọ̀ngàn, mo ń rán nǹkan. Albert lọ ń ru pákó níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú. Ọkùnrin tó ti ń jókòó sídìí tábìlì! Èjìká rẹ̀ bó, kò sọ fún mi, ìgbà tó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ni mo rí i.

Ebi ò pa ìfẹ́ wa, ìtìjú ló fẹ́ pa á. Tí inú bá ti bí Albert, á ní, "Àbúrò rẹ ló ṣe wá báyìí." Èmi náà a fún un lésì: "Ẹbí tìrẹ tó wà l'Ódògbolú ńkọ́? Ṣé ọmọ ìyá tèmi ni àwọn náà?" Níkẹyìn, ó lọ bá wọn. Wọ́n ní àyè Richard nìkan ni àwọn ní. Richard tí kò tíì lè dá bàtà wọ̀! Mo ní láyé, a ò ní pín. Ohun kan ṣoṣo tó kù fún mi nìyẹn: kí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lábẹ́ òrùlé kan. Tí wọ́n bá gba ìyẹn náà, kí ló kù tí mò ń jẹ́ ìyá?

Ibi tí a wà nìyẹn tí Ernest fi gbé ọkọ̀ tuntun wá. Ọkọ̀ tuntun, ẹ gbọ́! Ó kí mi, ó dọ̀bálẹ̀ ìdajì, ó ní òun ti rí ojútùú.

"Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí Bùsọ́lá wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Edith ìyàwó mi nílò ẹni tí yóò máa bá a gbé ọmọ. Ẹbí Bùrọ̀dá Albert á mú Richard. Ẹ̀yin méjèèjì á wá rọra wá ibi kan forí pamọ́ sí."

"O ti ta ilé tán," mo ní, "o tún wá ń pín àwọn ọmọ mi."

"Àǹtí, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀."

"Ernest, dá mi lóhùn. Ṣé ìyá sọ fún ọ àbí wọn ò sọ?"

Ó wo bàtà rẹ̀. "Wọ́n sọ ọ́. Wọ́n ní kí n sin àwọn sí yàrá, kí ẹnikẹ́ni má bàa lè lé Àǹtí jáde. Ẹ̀yin nìkan ṣáá ni wọ́n ń rò! Ṣé èmi kì í ṣe ọmọ wọn ni?"

Háà! Ìyá mi fẹ́ fi òkú ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn fún mi, èmi ni mo sì dìde láàrin ẹbí tí mo bá Ernest ṣí i. Mi ò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi gbéra. Mo fọ́ ọ létí nínú ilé Ọlọ́run, lábẹ́ àwòrán Jésù àti àwọn ọmọdé. Ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Bùsọ́lá dúró lẹ́yìn mi, ó ní, "Màmi, mi ò lọ síbì kankan." Ernest wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

Mo lọ sí ọgbà òkú. Koríko ti gba ẹ̀gbẹ́ síméńtì náà, ewúrẹ́ kan sì dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀. Mo lé ewúrẹ́, mo jókòó síbẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ọmọ kan náà ló lé àwa méjèèjì jáde nílé."

Albert ló sọ ohun tí mi ò fẹ́ gbọ́. Ó ní, "Bàbá Ìmùṣin ńkọ́?" Mo ní ojú wo ni mo fẹ́ fi wò wọ́n? Ó ní ojú tí mo fi bú wọn náà ni kí n fi lọ bẹ̀ wọ́n. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. A gbé máṣíìnì, a ká ẹní, a wọ ọkọ̀ lọ sí Ìmùṣin, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bàbá ń bó ẹ̀gẹ́ níwájú ilé lọ́sàn-án. Mo kúnlẹ̀ sínú èèpo ẹ̀gẹ́.

"Bàbá, mo pè yín ní kèfèrí."

"Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà," ni wọ́n wí. "Etí mi ò tíì di." Wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n wo àwọn ọmọ. "Ẹ ti jẹun?"

Ohun tí ìyá mi bi wá náà nìyẹn. Wọ́n dìde, wọ́n ṣí yàrá kan tí wọ́n gbá mọ́ tónítóní. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ilẹ̀ yọ sókè díẹ̀, wọ́n fi síméńtì dán an, ó gùn tó èèyàn. Bùsọ́lá fà sẹ́yìn.

"Ọ̀ṣuntóyìn ìyàwó mi nìyẹn," ni bàbá wí. "Ìgbà tó wà láyé gan-an kì í báni jà. Ìhà ibí yìí ni tèmi, wọ́n á tẹ́ mi síbẹ̀ tó bá yá. Àwọn ọmọ mi wà l'Ékòó, wọ́n kàwé bíi Ernest. Tí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n wá tà á. Kò sí ẹni tí yóò rà á. Ẹ tẹ́ ẹní yín."

Richard wo ilẹ̀, ó wò mí. "Màmi, ṣé èèyàn wà nísàlẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Onílé ni. Kí wọn."

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ẹ káàsán, mà."

Ìgbà yẹn ni mo tó sunkún ìyá mi. Obìnrin tí kò bí mi ló ń ṣọ́ ilẹ̀kùn fún àwọn ọmọ mi. Èyí tó bí mi fẹ́ ṣọ́ ọ, a gbé e síta.